Orúkọ 12, ojú ibi 84: Bí èèyàn ṣe lè mọ ọrùn gìtá béèsì dunjú

Ní ọ̀pọ̀ ìjọ nílẹ̀ Yorùbá, kò sẹ́ni tó ń béèrè kíì, ìyẹn ohùn tí orin máa dúró lé, kó tó dá orin. Ẹni tí orin bá sọ sí lọ́kàn á gbé e níbi tí ohùn rẹ̀ bá bọ́ sí, àwọn onílù á gbè é, àwọn tó ń lo gìtá àti kíbọ́ọ̀dù á sì bẹ̀rẹ̀ sí í wá ibi tó wà. Oníkíbọ́ọ̀dù ní ọgbọ́n kan tó lè ta sí i: bọ́tìnì kan wà lára ẹ̀rọ rẹ̀ tó ń gbé gbogbo ohùn sókè tàbí sílẹ̀, tó fi jẹ́ pé kíì kan ṣoṣo tó mọ̀ náà ni yóò máa tẹ̀ lọ. Ẹni tó gbé gìtá béèsì kọ́rùn kò ní irú bọ́tìnì bẹ́ẹ̀. Okùn mẹ́rin ló wà níwájú rẹ̀, pẹ̀lú irin tẹ́ẹ́rẹ́ 20 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ tí wọ́n tò dábùú ọrùn gìtá, èyí tí à ń pè ní frẹ́ẹ̀tì. Kò sí lẹ́tà kankan tí wọ́n kọ síbẹ̀.

Ìdí nìyí tí a fi ń rí ẹni tó ti ń ta béèsì láti ọdún pípẹ́, tí ọwọ́ rẹ̀ dán, tí etí rẹ̀ mú, ṣùgbọ́n bí o bá ní kó fi C hàn ọ́ lórí okùn D, á kọ́kọ́ dúró ná, á wá máa kà á bọ̀ láti orí gìtá. Kì í ṣe pé kò mọ iṣẹ́. Bí wọ́n ṣe to ọrùn béèsì gan-an ló gbà á láyè láti má mọ̀ ọ́n. Mo sì gbà pé àìmọ orúkọ yìí ló ń dá ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ tó lẹ́bùn dúró sójú kan, bẹ́ẹ̀ iṣẹ́ tó wà níbẹ̀ kò pọ̀ tó bí wọ́n ṣe rò.

Ibi tí àwọn irin yẹn ti wá

Kí gìtá béèsì tó dé, béèsì onígi ńlá tí wọ́n ń gbé nàró ni àwọn ẹgbẹ́ olórin ń lò. Ó ṣòro láti gbé wọ ọkọ̀, ohùn rẹ̀ kì í sì í yọ níbi tí fèrè àti ìlù bá ti ń pariwo. Ọrùn rẹ̀ tẹ́jú, kò ní irin kankan. Bí ìka bá yẹ̀ díẹ̀, ohùn yẹ̀ nìyẹn. Ní àwọn ọdún 1930, Paul Tutmarc ní ìlú Seattle, lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, ṣe béèsì oníná kan tó ní frẹ́ẹ̀tì, tí èèyàn lè gbé dání bíi gìtá, àmọ́ ọjà rẹ̀ kò tà jìnnà. Ọdún 1951 ni Leo Fender, ẹni tó ti ń tún rédíò ṣe tẹ́lẹ̀ ní Fullerton, ní ìpínlẹ̀ California, gbé tirẹ̀ jáde, tó pè é ní Precision Bass. Orúkọ náà bá iṣẹ́ rẹ̀ mu: irin ló ń pinnu ibi tí okùn máa gé sí, nítorí náà ohùn á bọ́ sójú rẹ̀ gẹ́lẹ́, bí ìka ò tiẹ̀ bọ́ sójú kan náà nígbà gbogbo. Monk Montgomery, tó wà nínú ẹgbẹ́ olórin Lionel Hampton, wà lára àwọn tó kọ́kọ́ gbé e lọ sórí ìtàgé.

Fender fún okùn rẹ̀ ní íǹṣì 34, ìwọ̀n yẹn sì ni ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ ṣì ń lò dòní. Bí rúlà bá wà nítòsí, wọn ọ́n wò. Láti orí ọrùn, níbi tí okùn ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, dé frẹ́ẹ̀tì kìíní, ó tó bí íǹṣì 1.9. Láti frẹ́ẹ̀tì 11 sí 12, bí íǹṣì kan péré ni. Frẹ́ẹ̀tì 12 sì wà ní íǹṣì 17, ìdajì okùn gẹ́lẹ́. Okùn E, tó nípọn jù, ń gbọ̀n ní bí ìgbà 41 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan nígbà tí a kò bá tẹ̀ ẹ́. Tẹ̀ ẹ́ ní frẹ́ẹ̀tì 12, okùn tó ń gbọ̀n di ìdajì, ìgbọ̀n rẹ̀ á di ìlọ́po méjì, bí ìgbà 82, etí wa á sì gbà pé E náà ló tún dún, pé ó kàn gòkè ni.

Iṣẹ́ tó kù ni bí a ó ṣe pín àárín ìlọ́po méjì yẹn sí ìṣísẹ̀ 12 tó dọ́gba létí. Iṣẹ́ yìí ti dààmú àwọn ọlọ́gbọ́n kó tó kan Fender. Ní 1581, ní Ítálì, Vincenzo Galilei, bàbá Galileo onímọ̀ ìràwọ̀, dá a lábàá pé kí a pín okùn sí ọ̀nà 18, kí a fi frẹ́ẹ̀tì síbi tí ìdá kìíní bá parí sí, kí a tún pín èyí tó kù sí 18, kí a máa bá a lọ bẹ́ẹ̀. Ó rọrùn fún oníṣọ̀nà, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ pé, ṣùgbọ́n bí o bá ṣe é lẹ́ẹ̀méjìlá, ó kù díẹ̀ kó dé ìdajì. Láàárín ọdún mélòó kan sígbà yẹn, Zhu Zaiyu, ọmọ ọba kan ní Ṣáínà, ṣírò nọ́mbà tó pé: 1.05946. Fi nọ́mbà yìí sọ 1 di púpọ̀ lẹ́ẹ̀méjìlá, wàá dé 2. Òun ni frẹ́ẹ̀tì tó wà lórí ọ̀pọ̀ gìtá òde òní ń tẹ̀ lé.

Ohùn kan, ibi mẹ́rin

Ìṣísẹ̀ 12 ló bí orúkọ 12. Méje nínú wọn ní lẹ́tà tiwọn, láti A dé G. Márùn-ún tó kù bọ́ sáàárín wọn, a sì ń fi ṣáàpù tàbí fúláàtì pè wọ́n. Ohun tó ń ṣi ọ̀pọ̀ lọ́nà ni pé kò sí ohùn kankan láàárín E àti F, kò sì sí láàárín B àti C. Frẹ́ẹ̀tì kan péré ló yà wọ́n. Frẹ́ẹ̀tì méjì méjì ló ya àwọn lẹ́tà yòókù. Ẹni tó bá di èyí mú lè ka okùn èyíkéyìí láìwo ìwé. Lórí okùn E: F wà ní 1, G ní 3, A ní 5, B ní 7, C ní 8, D ní 10, E sì tún dé ní 12.

Okùn mẹ́rin náà ni E, A, D àti G, láti èyí tó nípọn jù sí èyí tó tẹ́ẹ́rẹ́ jù. Frẹ́ẹ̀tì 5 lórí okùn kan jẹ́ ohùn kan náà pẹ̀lú okùn tó tẹ̀ lé e tí a kò tẹ̀. Níbí ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀. Okùn G, tí a kò bá tẹ̀ ẹ́, ń gbọ̀n ní ìgbà 98 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá. Ohùn yẹn gan-an tún wà ní frẹ́ẹ̀tì 5 lórí okùn D, ní frẹ́ẹ̀tì 10 lórí okùn A, àti ní frẹ́ẹ̀tì 15 lórí okùn E. Lórí dùùrù, ojú ibì kan ṣoṣo ló ní. Ka gbogbo ibi tí a ti lè rí ohùn lórí béèsì onífrẹ́ẹ̀tì 20, kí o ka okùn tí a kò tẹ̀ mọ́ ọn, 84 ni. Ohùn tó dá yàtọ̀ nínú wọn kò ju 36 lọ.

Síbẹ̀ ibi mẹ́rin yẹn kì í dún bákan náà. Ta G lórí okùn tó tẹ́ẹ́rẹ́ láìtẹ̀ ẹ́, yóò dún ketekete, yóò sì pẹ́ kó tó kú. Ta á ní frẹ́ẹ̀tì 15 lórí okùn E, yóò ki, yóò sì bò díẹ̀, nítorí okùn tó nípọn tí wọ́n gé kúrú kò lè gbọ̀n fàlàlà bíi ti tẹ́ẹ́rẹ́ tó gùn. James Jamerson, tí béèsì rẹ̀ wà lábẹ́ ọ̀pọ̀ orin tí ilé iṣẹ́ Motown ṣe ní Detroit ní àwọn ọdún 1960, fi ìka kan ṣoṣo lọ́wọ́ ọ̀tún ta gbogbo rẹ̀, ó sì fẹ́ràn láti máa gba orí okùn tí kò tẹ̀ kọjá nígbà tí ọwọ́ òsì rẹ̀ bá ń ṣí kúrò níbì kan sí òmíràn. Ẹni tí kò mọ ibi mẹ́rin tí G wà kò lè yan èyí tó bá orin rẹ̀ mu.

Bátànì dára, ṣùgbọ́n kò tó

Nítorí pé àlàfo kan náà ló wà láàárín okùn kọ̀ọ̀kan, bátànì tó bá ṣiṣẹ́ níbì kan á ṣiṣẹ́ níbi gbogbo. Fi ìka sí frẹ́ẹ̀tì 3 lórí okùn E, kí o pè é ní dó. Fa wà lórí okùn A ní frẹ́ẹ̀tì 3 kan náà. Sọ wà ní frẹ́ẹ̀tì méjì níwájú fa. Pẹ̀lú mẹ́ta yìí, ẹni tó gbọ́n lè bá ọ̀pọ̀ orin ìyìn lọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Nínú jùjú àti Afrobeat náà, gbólóhùn kúkúrú kan ni béèsì sábà máa ń pè ní àpètúnpè, tí ọwọ́ bá ti mọ̀ ọ́n, ó tó.

Ìgbà tí olórí akọrin bá gbé kíì sókè díẹ̀ láàárín ìyìn ni àṣírí máa ń tú. Ká ní G ni wọ́n wà, tí oníbéèsì ń gba orí okùn D àti A tí kò tẹ̀ kọjá, tó ń dùn mọ́ ọn. Wọ́n gòkè sí G ṣáàpù. Frẹ́ẹ̀tì kan péré ni, àmọ́ gbogbo okùn tí kò tẹ̀ tó gbójú lé ti bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́: D àti A kò sí nínú kíì tuntun yẹn. Ẹni tó mọ orúkọ ohun tó ń ta á ti mọ̀ kó tó débẹ̀. Ẹni tó mọ bátànì nìkan á kọ́kọ́ ta á ṣì ná.

Sol-fa tí ọ̀pọ̀ wa kọ́ nínú ẹgbẹ́ akọrin dá kún ọ̀rọ̀ yìí. Sarah Glover ní Norwich, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, àlùfáà John Curwen tún un ṣe ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, àwọn míṣọ́nnárì sì gbé e dé ọ̀dọ̀ wa. Nínú rẹ̀, dó lè wà níbikíbi. Kò ṣàjèjì sí wa, torí bí èdè wa ṣe ń ṣe nìyẹn: ohùn òkè lẹ́nu bàbá àgbà lè wálẹ̀ ju ohùn ìsàlẹ̀ lẹ́nu ọmọ ọdún mẹ́ta lọ, síbẹ̀ kò sẹ́ni tó ń ṣi igbá gbọ́ fún igba. Lẹ́tà orí gìtá kò rí bẹ́ẹ̀. Ìpàdé àgbáyé kan ní London ní 1939 ló fẹnu kò lé 440 ìgbà láàárín ìṣẹ́jú-àáyá fún A; okùn A lórí béèsì ń gbọ̀n ní ìgbà 55, ìdá kan nínú mẹ́jọ rẹ̀. Dó ń sọ ipò tí ohùn wà nínú orin, A ń sọ ibi tó wà lórí ọrùn gìtá. Olórin nílò méjèèjì, mi ò sì rí ìdí kankan tí a fi gbọ́dọ̀ máa fi ọ̀kan ṣe àwáwí fún àìmọ èkejì.

Bí ó ṣe ń wọ orí

Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ máa ń lẹ àwòrán ọrùn béèsì mọ́ ara ògiri, wọ́n á máa wò ó lójoojúmọ́. Ní 2006, Henry Roediger àti Jeffrey Karpicke ní Yunifásítì Washington ní St. Louis fi hàn pé wíwò nìkan kì í pẹ́ lórí. Wọ́n fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní ìwé kà. Àwọn kan tún un kà, àwọn mìíràn pa á dé, wọ́n sì gbìyànjú láti rántí ohun tó wà níbẹ̀. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú márùn-ún, àwọn tó tún un kà ló ṣe dáadáa jù. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, àwọn tó fi orí ara wọn wá a ló rántí jù. Nítorí náà, ya àwòrán náà kúrò lára ògiri. Pe lẹ́tà kan, wá a fúnra rẹ, kó o tó wò ó bóyá o gbà á.

Lẹ́tà kan láàárín ọjọ́ kan tó. Láti orí okùn tí a kò tẹ̀ dé frẹ́ẹ̀tì 11, lẹ́tà kọ̀ọ̀kan fara hàn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo lórí okùn kọ̀ọ̀kan. Tó bá jẹ́ F lo mú lónìí, ó wà ní 1 lórí okùn E, ní 8 lórí A, ní 3 lórí D, ní 10 lórí G. Pe orúkọ rẹ̀ sókè bí o ṣe ń ta á. Ìwọ náà á rí i pé láti 1 lórí okùn E sí 3 lórí okùn D, okùn kan lo fò, frẹ́ẹ̀tì méjì lo fi gòkè; láti 8 lórí A sí 10 lórí G, bákan náà ni. Ìyẹn kì í yí padà fún lẹ́tà kankan. Àmì róbótó tó wà ní frẹ́ẹ̀tì 3, 5, 7, 9 àti 12 náà wúlò: lórí okùn D, F, G, A, B àti D ni wọ́n, láìsí ṣáàpù kan láàárín wọn. Bí o bá ti mọ lẹ́tà méje, tú wọn ká, má tò wọ́n mọ́, torí orin kì í tò wọ́n fún ọ.

Ọpọlọ á ṣe tirẹ̀. Ní 1995, Thomas Elbert àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Jámánì yẹ ọpọlọ àwọn tó ń lo ohun èlò olókùn wò, wọ́n sì rí i pé apá tó ń gba ìmọ̀lára ìka ọwọ́ òsì fẹ̀ nínú tiwọn ju ti ẹni tí kò ta ohun èlò lọ, pàápàá lára àwọn tó bẹ̀rẹ̀ ní kékeré.

Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ ọmọ ní béèsì, nínú ìjọ tàbí nínú ẹgbẹ́ olórin, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fi bátànì lé e lọ́wọ́ láìsọ orúkọ rẹ̀ fún un. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ gan-an, ẹ jẹ́ kó mọ orúkọ okùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kó mọ̀ pé kò sí ohùn kankan láàárín E àti F àti láàárín B àti C, kí ẹ sì bi í pé níbo ni F wà, kó fi ìka ara rẹ̀ wá a níbi mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kó tó lọ sílé.