Bí Èsì Àwòrán Ọyàn Ṣe Di Nọ́ńbà

BI-RADS ni orúkọ ìlànà tí àwọn dókítà fi ń kọ ìròyìn àwòrán ọyàn ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè lónìí. Òun ló ń sọ irú ọ̀rọ̀ tí wọn yóò fi ṣàpèjúwe ohun tí wọ́n bá rí, òun náà ló sì ń sọ nọ́ńbà tí ìròyìn gbọ́dọ̀ parí sí, láti 0 dé 6. American College of Radiology, ẹgbẹ́ àwọn dókítà aláwòrán ní Amẹ́ríkà tí wọ́n ń pè ní ACR, ló gbé e jáde ní 1993. Ọgọ́rin ọdún gbáko ló ti kọjá nígbà náà tí wọ́n ti kọ́kọ́ fi ẹ́ksíréè wo ọyàn. Ẹ̀rọ nìkan kọ́ ló fa ìdádúró náà; àwọn tó ń kọ ìròyìn ni kò fohùn ṣọ̀kan.

Albert Salomon, oníṣẹ́ abẹ ní Berlin, ló bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ náà ní 1913, nígbà tó fi ẹ́ksíréè ya nǹkan bí 3,000 ọyàn tí wọ́n ti gé kúrò lára àwọn aláìsàn. Ní 1930, Stafford Warren ya ọyàn àwọn obìnrin tó wà láàyè ní Rochester, ní ìpínlẹ̀ New York. Ní Montevideo, olú-ìlú Uruguay, Raul Leborgne fi yé àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ pé ó yẹ kí wọ́n tẹ ọyàn pẹlẹbẹ kí àwòrán tó lè mọ́, ó sì tọ́ka sí àwọn èérún kálísíọ́mù wínníwínní gẹ́gẹ́ bí àmì jẹjẹrẹ. Síbẹ̀, ọwọ́ àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n bíi mélòó kan ni iṣẹ́ náà mọ títí di 1960, nígbà tí Robert Egan ní Houston tẹ ọ̀nà tó ń gbà ya àwòrán tirẹ̀ jáde, tí àwọn ẹlòmíràn sì rí i tẹ̀ lé.

Ìwádìí ńlá kan bẹ̀rẹ̀ ní New York ní 1963 lórí nǹkan bí 62,000 obìnrin. Ó fi hàn pé ikú jẹjẹrẹ ọyàn dín kù láàárín àwọn tí wọ́n pè wá fún àyẹ̀wò. Láti 1973, ètò mìíràn tún ṣí ibùdó àyẹ̀wò sílẹ̀ káàkiri Amẹ́ríkà fún nǹkan bí 280,000 obìnrin.

Ibẹ̀ ni wàhálà wà. Àwòrán pọ̀, àwọn tó ń kà á pọ̀, kálukú sì ń kọ ìròyìn bó ṣe wù ú. Dókítà kan á kọ ojú ìwé kan gbáko nípa kókó tó rí, kò ní sọ bóyá ó léwu. Òmíràn á ní òun kò lè fọwọ́ sọ̀yà pé kì í ṣe jẹjẹrẹ, gbólóhùn tó ń dáàbò bo ẹni tó kọ ọ́ nílé ẹjọ́ ju bó ṣe ń ran aláìsàn lọ́wọ́ lọ. Ohun tí ẹnì kan pè ní kókó, ẹlòmíràn á pè é ní òjìji. Oníṣẹ́ abẹ tí ìwé bẹ́ẹ̀ bá tẹ̀ lọ́wọ́ ni yóò wá máa méfò: ṣé kí ó fi ọ̀bẹ kàn án ni, àbí kí ó ní kí obìnrin náà máa lọ sílé? Bó bá gé e lásán, ó ti dá egbò sára ẹni tí kò ní àrùn. Bó bá sì ní kó máa lọ, àrùn lè gbilẹ̀. Joann Elmore àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi èyí hàn kedere nínú ìwádìí tó jáde ní 1994. Wọ́n kó àwòrán 150 fún dókítà 10, olúkúlùkù sì dá a kà lọ́tọ̀. Àwòrán kan náà ni gbogbo wọn wò, ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n ní kí wọ́n ṣe fún aláìsàn yàtọ̀ síra gan-an.

Ẹ̀rọ ni ACR kọ́kọ́ mú ṣe. Ètò ìfọwọ́sí tí ẹgbẹ́ náà dá sílẹ̀ ní 1987 ń yẹ bí àwòrán ṣe mọ́ tó wò, àti bí ìtànṣán tó ń wọ ara obìnrin ṣe pọ̀ tó. Lẹ́yìn náà ni ìgbìmọ̀ kan jókòó ti ìròyìn fúnra rẹ̀. Àwọn dókítà aláwòrán kò dá jókòó. Àwọn oníṣẹ́ abẹ, àwọn tó ń fi awò wo ẹran ara, àti àwọn ilé iṣẹ́ ìjọba tó ń bójú tó ìlera wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Carl D'Orsi àti Daniel Kopans wà lára àwọn tó ti ń ké pé kí ọ̀rọ̀ àwọn aláwòrán di ọ̀kan.

Ìwé tí wọ́n gbé jáde kọ́kọ́ to ọ̀rọ̀ sílẹ̀. Kókó lè rí róbótó, ó lè rí bí ẹyin, ó sì lè má ní ìrísí kan pàtó. Etí rẹ̀ ló ṣe pàtàkì jù: kókó tí etí rẹ̀ mọ́ rekete kì í sábà jẹ́ jẹjẹrẹ, ṣùgbọ́n èyí tó ta gbòǹgbò bí ẹ̀gún wọ inú ẹran yíká yóò mú kí dókítà fura. Ìlànà wà fún èérún kálísíọ́mù náà, bí wọ́n ṣe rí àti bí wọ́n ṣe tò.

Lẹ́yìn àpèjúwe ni nọ́ńbà. 1 túmọ̀ sí pé kò sí nǹkan kan. 2, ohun kan wà ṣùgbọ́n kò léwu. 5, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dájú pé jẹjẹrẹ ni, ìdá 95 nínú ọgọ́rùn-ún ó kéré tán. 0 ló máa ń ṣi àwọn èèyàn lọ́nà. Kò sọ pé àrùn kò sí. Ó ń sọ pé iṣẹ́ kò tíì parí, pé ó ku àwòrán mìíràn tàbí ultrasound, tàbí kí wọ́n wá àwòrán àtijọ́ láti fi wé tuntun. Ẹni tó bá gba 0 tó sì lọ sílé lọ dúpẹ́ ti ṣi ìwé kà.

3 ni ọgbọ́n ètò náà pọ̀ sí jù. Edward Sickles, ní San Francisco, tẹ̀ lé àwọn àwòrán 3,184 tí ohun tó wà nínú wọn jọ ohun tí kò léwu, láìsí pé ó dá a lójú. Kò gé ẹran ara àwọn obìnrin náà. Ó ń tún wọn yà láti ìgbà dé ìgbà. Nínú ìwádìí tó tẹ̀ jáde ní 1991, 17 péré ni jẹjẹrẹ nínú gbogbo wọn. Orí irú ẹ̀rí yìí ni 3 dúró lé: ewu kò ju ìdá 2 nínú ọgọ́rùn-ún lọ, nítorí náà kí obìnrin náà padà wá lẹ́yìn oṣù 6, kí ọ̀bẹ ṣì dúró. Àwọn dókítà kan ti sọ ọ́ di ibi tí wọ́n ń kó ohunkóhun tí kò yé wọn sí, èyí kò sì dára. Ohun tó lẹ́tọ̀ọ́ sí 3 ní àpèjúwe tirẹ̀ nínú ìwé.

4 ló fẹ̀ jù, nítorí ó gba gbogbo ohun tó wà láàárín ìdá 2 sí 95. Ní 2003, ẹ̀dà kẹrin pín in sí A, B àti C, ó fi 6 kún un fún jẹjẹrẹ tí ilé àyẹ̀wò ti fìdí rẹ̀ múlẹ̀, ó sì mú ultrasound àti MRI wọ inú ètò náà. Ẹ̀dà karùn-ún jáde ní 2013.

Ìlànà ẹgbẹ́ kan kì í tètè di òfin, ṣùgbọ́n èyí dà á. Àwọn aṣòfin Amẹ́ríkà ṣe òfin lórí àwòrán ọyàn ní 1992. Láti oṣù kẹrin 1999, òfin ní kí gbogbo ìròyìn mammogram, ìyẹn àwòrán ọyàn, parí sí ìdájọ́ kan pàtó, kí wọ́n sì fi lẹ́tà ránṣẹ́ sí obìnrin náà láàárín ọjọ́ 30, ní èdè tí ẹni tí kì í ṣe dókítà lè lóye.

Ẹ̀ka mìíràn nínú ètò náà ni bí ẹran inú ọyàn ṣe ki tó, láti a dé d. Ọ̀rá máa ń dúdú nínú àwòrán, ẹran tó ki máa ń funfun, jẹjẹrẹ náà sì funfun. Ìdí nìyí tó fi rọrùn fún un láti sápamọ́. Ní 2004, Nancy Cappello ní ìpínlẹ̀ Connecticut gbọ́ pé òun ní jẹjẹrẹ tó ti rìn jìnnà, bẹ́ẹ̀ kò pẹ́ tí mammogram sọ pé kò sí nǹkan. Ọyàn rẹ̀ ki, ẹnikẹ́ni kò sì sọ fún un. Ìjà rẹ̀ ló mú kí Connecticut ṣe òfin ní 2009 pé kí wọ́n máa sọ ọ́ fún obìnrin. Láti oṣù kẹsàn-án 2024, gbogbo ilé àyẹ̀wò ní Amẹ́ríkà ló gbọ́dọ̀ ṣe bẹ́ẹ̀.

Àwọn tó ń wo ẹ̀dọ̀, ẹ̀dọ̀fóró, ọrùn àti prostate ti fara wé BI-RADS. Britain kò gbà á. Ìwọ̀n tiwọn ló wà níbẹ̀, M1 dé M5, M3 sì ń béèrè àyẹ̀wò síwájú sí i, kì í ṣe kí obìnrin máa lọ fún oṣù 6. Ní Nàìjíríà, BI-RADS ni àwọn dókítà aláwòrán ní University College Hospital, Ìbàdàn, àti ní ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn ńlá ń lò. Ọ̀pọ̀ obìnrin ibẹ̀ kì í dé iwájú ẹ̀rọ àfi ìgbà tí wọ́n bá ti fọwọ́ kan kókó, èyí sì mú kí 4 àti 5 pọ̀ nínú ìròyìn wọn. Obìnrin tó bá mú èsì London wá sí Ìbàdàn gbọ́dọ̀ sọ ibi tó ti gbà á, nítorí 3 ibẹ̀ kì í ṣe 3 ti Ìbàdàn. Àwòrán àtijọ́ pàápàá, kò yẹ kó sọ ọ́ nù. Kó gbé e dání nígbà tó bá tún ń lọ.