Bí Òbí Wa Bá Wá Kí Wa Lókè Òkun, Ẹ Jẹ́ Ká Jọ Ka Oògùn Wọn



Bí ọdún bá ti ń parí lọ, tí ilé ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ wa ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì níbí bá fẹ́ gba ìsinmi, ọ̀pọ̀ nínú wa ló máa ń ránṣẹ́ sí àwọn òbí wa nílé pé kí wọ́n wá lo ọ̀sẹ̀ mélòó kan lọ́dọ̀ wa. Ohun tó dára ni. Bí òkété bá dàgbà, ọmú ọmọ rẹ̀ ní í mu. Gbogbo wa la sì mọ ohun tí Allah pa láṣẹ nípa òbí nínú Suuratul-Israa, débi pé a kò gbọdọ̀ ṣíọ̀ sí wọn. Ṣùgbọ́n mo ti rí i lẹ́nu iṣẹ́ apòògùn tí mò ń ṣe, mo sì ti rí i nínú ilé ara mi, pé ìfẹ́ nìkan kò tó. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ jẹ́wọ́ àṣìṣe tèmi.

Ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, ìyá mi wá kí wa ní London nínú oṣù December. Láti Ìbàdàn ni wọ́n ti wá, ọ̀sẹ̀ 4 la sì jọ fi àdéhùn sí. Nígbà tó kù díẹ̀ kí wọ́n padà, àwọn ọmọ ní kí Ìyá Àgbà má tíì lọ. Èmi náà bẹ̀ wọ́n, a sì sún ìrìn àjò náà sí ìparí February. Inú gbogbo wa dùn. Kò sí ẹni tó rántí bi wọ́n bóyá oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tí wọ́n gbé wá yóò tó. Èmi tí mo máa ń bi ìyá oníyàá lójoojúmọ́ pé, "Ẹ ti lo oògùn yín láàárọ̀ yìí, Mà?", n kò bi tèmi.

Màámi mọ̀ pé oògùn náà kò ní í tó. Ohun tí wọ́n ṣe ni pé wọ́n ń dá hóró kan sí méjì, wọ́n ń lo ìlàjì lójúmọ́. Nígbà tó ṣẹ́kù díẹ̀, bí wọ́n bá lò ó lónìí, wọn kò ní í lò ó lọ́la. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, lẹ́yìn ìrun Subhi, wọ́n ní orí ń fọ́ àwọn, ojú àwọn sì ń ṣe bàìbàì. Mo gbé ẹ̀rọ tí a fi ń wọn ẹ̀jẹ̀ ríru wá. 204 lórí 112 ni mo rí. Mo tún un wọ̀n, kò yàtọ̀. Ọwọ́ mi ń gbọ̀n bí mo ti ń wá kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀.

Ní yàrá ìtọ́jú pàjáwìrì, wọ́n yẹ̀ wọ́n wò dáadáa, wọ́n fún wọn ní oògùn. Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, wọ́n ní ká máa lọ sílé. Alhamdulillah, kò di àrùn rọpárọsẹ̀. Nínú ọkọ̀ ni mo ti bi wọ́n pé kí ló dé tí wọn kò sọ fún mi. Wọ́n ní, "Ọkọ mi, owó tí ìwọ àti ìyàwó rẹ ná lórí tíkẹ́ẹ̀tì mi ti pọ̀. Wọ́n ní oògùn wọ́n níbí. Mi ò fẹ́ ni yín lára." N kò lè fèsì. Wọn kò jẹ̀bi rárá. Èmi ni mo yẹ kí n béèrè.

Nítorí náà ni mo ṣe kọ àwọn ohun wọ̀nyí sílẹ̀, fún ẹ̀yin ọmọ tí ẹ fẹ́ gba òbí lálejò, àti fún ẹ̀yin òbí tí ẹ ń múra ìrìn àjò.

Kí wọ́n tó gbéra nílé

Ó kéré tán, ó yẹ kí wọ́n rí dókítà wọn ní oṣù kan ṣáájú ìrìn àjò. Kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ ríru àti ṣúgà wò, kí wọ́n sì gba oògùn tí yóò tó gbogbo ọjọ́ tí wọn yóò lò, pẹ̀lú ti ọ̀sẹ̀ 2 lé e lórí. Inú páálí tí oògùn bá wá ni kó wà. Ẹ má ṣe jẹ́ kí wọ́n da oríṣiríṣi hóró pọ̀ sínú ọ̀rá kan. Báàgì tí wọn yóò fọwọ́ ara wọn gbé wọ inú bàálù ni kí wọ́n kó o sí, nítorí àpótí ńlá lè sọnù. Ẹni tó bá ń gún abẹ́rẹ́ insulin kò gbọdọ̀ fi í sínú àpótí ńlá rárá. Òtútù ìsàlẹ̀ bàálù lè mú kó dì, insulin tó bá sì ti dì ti bàjẹ́ nìyẹn.

Kí wọ́n gba lẹ́tà lọ́wọ́ dókítà, tí orúkọ gbogbo oògùn àti ìwọ̀n rẹ̀ wà nínú rẹ̀. Orúkọ oògùn gan-an ni kí dókítà kọ, bí amlodipine tàbí metformin, nítorí orúkọ tí ilé iṣẹ́ fún un nílé lè má jẹ́ ti ibí. Lẹ́tà yìí pọn dandan fún oògùn ìrora tó lágbára àti oògùn oorun.

Ní ti àgbo, ẹ má fi òbí yín ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹ fi pẹ̀lẹ́tù béèrè ohun tí wọ́n ń lò, nítorí àgbo mìíràn a máa bá oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí ti ṣúgà jà nínú ara. Ẹ jẹ́ kí wọ́n tún mọ̀ pé òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò gba ẹran tàbí wàrà láti ilẹ̀ wa wọlé, ì báà jẹ́ ẹran gbígbẹ.

Nínú bàálù

Láti Èkó dé London ju wákàtí 6 lọ. Ọ̀pọ̀ àgbàlagbà kì í mu omi nínú bàálù, nítorí wọn kò fẹ́ máa dìde lọ sí ilé ìtọ̀. Àwọn mìíràn kì í lo oògùn wọn lọ́jọ́ náà nítorí ohun kan náà. Èyí kò dára. Àìmu omi àti ìjókòó pípẹ́ lè mú kí ẹ̀jẹ̀ dì nínú iṣan ẹsẹ̀. Ẹ bá wọn gba àga tó wà lẹ́bàá ọ̀nà, kí wọ́n lè máa dìde rìn díẹ̀díẹ̀, kí wọ́n sì máa na ọrùn ẹsẹ̀, kí wọ́n máa ká a. Bí ẹsẹ̀ kan ṣoṣo bá wú, tó ń dùn wọ́n lẹ́yìn tí wọ́n dé, tàbí tí èémí bá ń gé wọn, ẹ gbé wọn lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà.

Nínú ilé wa

Òtútù a máa mú ẹ̀jẹ̀ ríru lọ sókè. Ẹ má jẹ́ kí yàrá wọn tutù nítorí owó iná. Ẹ sọ fún wọn ní gbangba pé ẹ ti gbọ́ bùkátà híítà, kí wọ́n má baà máa pa á lóru láìsọ fún yín. Híítà kò gbọdọ̀ sún mọ́ aṣọ ìrun tàbí aṣọ ìbora. Ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ dáná èédú sínú ilé láti fi yá. Èéfín rẹ̀ tí a kò rí, tí kò sì lóòórùn, ń pa ènìyàn lójú oorun.

Àgbàlagbà lè ṣubú níbi àlùwàlá nínú ilé wa. Gbígbé ẹsẹ̀ sókè sínú báásìnì ìfọwọ́ léwu fún ẹni ọdún 70. Ẹ ra àga kékeré tó dúró dáadáa, ọpọ́n kan àti kẹ́tùlù oníke kan, kí wọ́n lè jókòó ṣe é pẹ̀lú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́. Ẹ tẹ́ ohun tí kì í yọ̀ sílẹ̀, kí ẹ sì nu omi kúrò. Ẹ bi àáfà wa nípa fífi ọwọ́ tútù pa orí khuff dípò fífọ ẹsẹ̀. Ìrọ̀rùn tí Allah fún wa ni, arìnrìn-àjò sì ní ọjọ́ 3 tọ̀sántòru lórí rẹ̀.

Bí ibà bá dé

Bí ara wọn bá gbóná láàárín oṣù mélòó kan tí wọ́n dé, ẹ má ṣe sọ pé òtútù lásán ni. Ibà tí ẹ̀fọn kó sí wọn lára nílé lè fara hàn níbí. Ẹ lọ fún àyẹ̀wò lọ́jọ́ náà, kí ẹ sì kọ́kọ́ sọ fún dókítà pé láti Nàìjíríà ni wọ́n ti dé. Dókítà tí kò bá mọ èyí lè má ronú kan ibà rárá.

Ọ̀rọ̀ owó

Ìbẹ̀rù owó ló mú ìyá mi dákẹ́, nítorí náà ẹ jẹ́ ká sọ ọ́ bó ṣe rí ní England. Rírí dókítà àdúgbò, tí a ń pè ní GP, kò ní owó fún àlejò, wọ́n sì lè forúkọ wọn sílẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Ìtọ́jú nínú yàrá pàjáwìrì náà kò ní owó. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá dá wọn dúró sórí ibùsùn, àlejò yóò san ìdá 150 nínú ọgọ́rùn-ún iye tí ìtọ́jú náà jẹ́. Gbèsè tó bá tó £500, tí a kò sì san láàárín oṣù 2, lè dí físà wọn lọ́wọ́ lọ́jọ́ mìíràn. Nítorí náà, ẹ ra ìwé adójútòfò ìrìn àjò fún wọn, kí ẹ sì sọ gbogbo àìsàn tí wọ́n ní. Bí ẹ bá fi ẹ̀jẹ̀ ríru pamọ́, ilé iṣẹ́ náà lè kọ̀ láti sanwó.

Bí ẹnu bá wọ́ sápá kan, tí apá kan kò ṣeé gbé, tàbí tí ọ̀rọ̀ ń lọ́ mọ́ wọn lẹ́nu, ẹ má ronú owó rárá. Ẹ pe 999 lójú ẹsẹ̀.

Ní mọ́sálásí wa, mo máa ń wọn ẹ̀jẹ̀ ríru fún àwọn ènìyàn lẹ́yìn Jumu'ah. Láti ìgbà tí ọ̀rọ̀ màámi ti ṣẹlẹ̀, n kì í bi àwọn bàbá àti ìyá tó wá lálejò mọ́ pé, "Ṣé oògùn yín tó?" "Ó tó, ọmọ mi" ni wọ́n máa ń sọ. Àwọn ọmọ wọn ni mo ń sọ fún pé kí wọ́n jókòó ti òbí wọn ní gbogbo ọjọ́ Jimọ̀, kí wọ́n da oògùn sórí àtẹ, kí wọ́n jọ kà á, kí wọ́n sì wò ó bóyá ó bá ọjọ́ tó ṣẹ́kù mu. Kò ju ìṣẹ́jú 5 lọ. Bí kò bá tó, ẹ ti mọ̀ nígbà tí àyè ṣì wà láti rí dókítà.

Màámi tún wá lẹ́yìn ìgbà náà. Ní Jimọ̀ àkọ́kọ́, kí n tó ṣí ẹnu, wọ́n ti kó oògùn wọn sórí tábìlì. Wọ́n ní, "Apòògùn, ó yá, wá kà á."

Kí Allah fún àwọn òbí wa ní àlàáfíà, kí Ó sì jẹ́ ká lè tọ́jú wọn bó ti yẹ. Aamiin.