Ta Ni Onílé Yín Lórí Mastodon?

Ẹni tí ó bá ń wá yàrá ní Èkó Àkéte kì í tìtorí pé ọ̀dà ògiri ń dán ka owó sílẹ̀. Yóò kọ́kọ́ fọgbọ́n wádìí lẹ́nu àwọn ará ilé bóyá kànga máa ń gbẹ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, àti bóyá onílé jẹ́ oníwà pẹ̀lẹ́. Ẹni yìí kan náà, bí ó bá dé orí íntánẹ́ẹ̀tì, ilẹ̀kùn àkọ́kọ́ tí ó bá rí ni yóò wọ̀.

Lórí Twitter, onílé kan ṣoṣo ni ó ni gbogbo ìlú, nítorí náà nígbà tí Elon Musk rà á ní oṣù October ọdún 2022, tí òfin ilé sì ń yí padà, ọ̀pọ̀ ènìyàn di ẹrù, wọ́n gba Mastodon lọ. Mastodon, tí Eugen Rochko ará Jámánì gbé jáde ní 2016, kò ní onílé kan. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún sáfà, èyí ni kọ̀ǹpútà tí ń ṣiṣẹ́ tọ̀sán-tòru láti tọ́jú ọ̀rọ̀ àti àwòrán wa, ni ó para pọ̀ di ìlú náà, olúkúlùkù pẹ̀lú onílé àti òfin tirẹ̀. Ṣùgbọ́n nítorí pé wọ́n ń gbọ́ èdè ara wọn, ẹni tí ó wà ní ilé kan lè tẹ̀lé ará ilé kejì, kí ó sì fèsì ọ̀rọ̀ rẹ̀.

Ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Bí Àlàkẹ́ bá forúkọ sílẹ̀ ní mastodon.social, orúkọ ilé náà yóò máa bá orúkọ rẹ̀ kiri bí ìlà ojú. Àwọn kan sọ ilé tiwọn ní queer.af, wọn kò sì ka ìrù orúkọ náà, .af, tí í ṣe ti Afghanistan, sí nǹkan bàbàrà, títí ìjọba Taliban fi gbà á padà ní February 2024: ilé wà, ẹrù wà nínú rẹ̀, ọ̀nà tí a ń gbà débẹ̀ ni kò sí mọ́. Ẹ má sì rò pé orúkọ ńlá ni ààbò. Ilé-iṣẹ́ Mozilla tí gbogbo ayé mọ̀ ti ilé tirẹ̀ pa ní December 2024.

Kí ẹ tó wọ ilé kan, ẹ ka ojú ewé rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní About, níbi tí òfin ilé wà. Àwọn sáfà tí Mastodon fúnra rẹ̀ ń júwe fún àlejò ti ṣèlérí pé kọ́kọ́rọ́ kò ní wà lọ́wọ́ ẹnì kan ṣoṣo, pé àwọn yóò máa ṣe ẹ̀dà ẹrù pamọ́ lójoojúmọ́, àti pé bí àwọn yóò bá palẹ̀ mọ́, àwọn yóò kéde rẹ̀ ní oṣù mẹ́ta ṣáájú. Ẹ wo ìwà àwọn ará ilé pẹ̀lú, nítorí bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú, hẹ̀rẹ̀huru rẹ̀ kì í jẹ́ kí a sùn: ilé tí kò bá bá elébùú wí, àwọn ilé yòókù lè tìlẹ̀kùn mọ́ gbogbo ará ibẹ̀, àti ẹlẹ́ṣẹ̀ àti aláìṣẹ̀. Ní tèmi, ilé tí kò tóbi jù, tí onílé rẹ̀ ń fi ìṣirò owó han àwọn ará ilé, ni mo fẹ́ràn jù. Síbẹ̀ n kò ní kọ ọ̀rọ̀ àṣírí síbẹ̀, nítorí onílé lágbára láti ka lẹ́tà tí a fi ránṣẹ́ sí ẹnì kan ṣoṣo.

Ẹni tí ilé sú lè kó lọ. Àwọn tí ń tẹ̀lé e yóò bá a dé ilé tuntun, ṣùgbọ́n àwọn ọ̀rọ̀ tí ó ti kọ kò ní bá a lọ, ilé àtijọ́ náà sì gbọ́dọ̀ ṣì wà lórí ìdúró, nítorí ibẹ̀ ni a ti í kéde fún àwọn ọ̀rẹ́ pé a ti kó lọ.