Nikotíìnì Láìsí Iná

Iná ló ń ṣe iṣẹ́ ibi inú sìgá. Ọwọ́ ewé tábà fúnra rẹ̀ kò mọ́, nikotíìnì inú rẹ̀ ló sì ń sọ ọ́ di bárakú, ṣùgbọ́n ìgbà tí wọ́n bá ṣáná sí i ni ọ̀ràn ń bẹ̀rẹ̀ gan-an. Bí amusìgá bá ti fà á, ẹnu ibi tó ń jó á gbóná dé nǹkan bí 900 dìgírì Celsius. Nínú irú ooru bẹ́ẹ̀, ewé á tú ká sí ẹgbẹẹgbẹ̀rún kẹ́míkà. Àwọn onímọ̀ ti ka èyí tó lé ní 7,000 nínú èéfín náà, nǹkan bí 70 nínú wọn ló sì ń fa jẹjẹrẹ. Ọ̀dà dúdú á lẹ̀ mọ́ ẹ̀dọ̀fóró. Carbon monoxide, gáàsì kan náà tí jẹnẹrétọ̀ inú ọ̀dẹ̀dẹ̀ fi ń pa odindi ìdílé mọ́jú, á gba àyè ọ́síjìn mọ́ ọn lọ́wọ́ nínú ẹ̀jẹ̀. Ní 1976, Michael Russell, oníṣègùn ọpọlọ kan ní London, kọ ọ́ pé nikotíìnì ló ń fa àwọn èèyàn sí ìdí sìgá, àmọ́ ọ̀dà ló ń pa wọ́n.

Kí wọ́n tó rí ọ̀nà ya àwọn méjèèjì, ó pẹ́. Herbert Gilbert, ará Pennsylvania ní Amẹ́ríkà, gba ìwé ẹ̀tọ́ lórí sìgá aláìléèéfín ní 1965, kò sì rí ilé iṣẹ́ tó máa ṣe é tà. Hon Lik, apòògùn ará Ṣáínà, ló padà ṣe é yọrí ní 2003. Amusìgá paraku ni òun náà, jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró ló sì pa bàbá rẹ̀ tó ń mu sìgá. Ẹ̀rọ tirẹ̀ àkọ́kọ́ ń fi ìgbọ̀nrìrì tí etí kò lè gbọ́ fọ́ omi sí wẹ́wẹ́. Ooru wáyà ló gba ipò ìyẹn lẹ́yìn-ò-rẹyìn, òun náà sì ni ọ̀pọ̀ jù lọ èyí tí wọ́n ń tà lónìí ń lò, yálà a pè é ní vape tàbí sìgá oníbátìrì.

Ẹ tú ọ̀kan wò. Ẹ ó bá bátìrì lithium níbẹ̀, irú èyí tó wà nínú fóònù. Ẹ ó bá wáyà tín-ín-rín tí wọ́n ká, òwú tó kan wáyà náà, àti àgbá kékeré tí omi wà nínú rẹ̀. Propylene glycol àti glycerine ló pọ̀ jù nínú omi yìí, wọ́n wá fi òórùn dídùn àti nikotíìnì sí i. Tí ẹ bá fi ẹnu fà á, afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ á fẹ́lẹ́, ohun kékeré kan tó ń ṣọ́ afẹ́fẹ́ náà á mọ̀, á sì jẹ́ kí iná bátìrì kọjá sínú wáyà. Àwọn mìíràn ní bọ́tìnì tí wọ́n ń tẹ̀. Bí òwú fìtílà ṣe ń fa epo náà ni òwú yìí ṣe ń fa omi wá síbi tó gbóná, àyàfi pé kò sí ẹni tó ń tan iná sí i. Propylene glycol ń hó ní 188 dìgírì, glycerine ní 290, nítorí náà wáyà tó bá gbóná díẹ̀ ju 200 lọ ti tó fún àpòpọ̀ wọn. Ohun tó hó yẹn á pàdé afẹ́fẹ́ tútù lọ́nà ẹnu, á sì di ẹ̀kán wẹ́wẹ́. Kùrukùru ni ẹ ń rí, kì í ṣe èéfín. Kò sí ohun tó jó, kò sí eérú, kò sí ọ̀dà.

Gbogbo rẹ̀ dúró lórí bóyá òwú tutù. Níwọ̀n ìgbà tí omi bá wà nínú rẹ̀, híhó omi náà ló ń gba ooru lára wáyà tí kò fi ní gbóná kọjá ààlà. Bí òwú bá gbẹ, ooru á fò sókè lójijì, òwú á rá, omi tó ṣẹ́kù á sì bẹ̀rẹ̀ sí í di formaldehyde àti acrolein, méjì lára ìdọ̀tí inú sìgá gan-an. Ahọ́n ló máa kọ́kọ́ mọ̀, torí pé ó máa ń korò burúkú. Ibí yìí sì ni àṣà àtijọ́ ti ń da àwọn arúgbó amusìgá láàmú. Bùọ̀dá kan tí mo mọ̀ ní Peckham ní London, tó ti ń mu sìgá láti ìgbà tó ń wa dánfó ní Mushin, ra ẹ̀rọ yìí, ó sì fẹ́ jù ú nù kí ọ̀sẹ̀ tó parí. "Àbúrò, ó ti jó." Mo wo bó ṣe ń fà á: kíákíá, líle, ẹ̀ẹ̀mẹ́rin léra wọn, bí ẹni tí ọkọ̀ ń dúró dè. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ rọra fà á, kí ẹ kà dé mẹ́rin, kí ẹ wá fi í sílẹ̀ díẹ̀." Ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ pààrọ̀ wáyà àti òwú náà gbọ́dọ̀ rọ omi sí i, kó dúró ìṣẹ́jú bíi mẹ́wàá kó tó fi kan ẹnu.

Ó tún ku irú ẹ̀rọ tí a rà. Bátìrì tó jẹ́ 3.7 fólìtì, tí wáyà rẹ̀ jẹ́ 1.2 óòmù, á mú nǹkan bí 11 wáàtì jáde. Tí wáyà bá jẹ́ 0.2 óòmù, á lé ní 68. Irú ìkejì yìí ni àwọn ọmọ ìgboro ń fi tú kùrukùru tó ń bo odindi yàrá, tààrà ni wọ́n sì ń mí i sínú ẹ̀dọ̀fóró. Amusìgá kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹnu ló kọ́kọ́ ń dá èéfín sí kó tó mí i sínú. Ẹ̀rọ tó lé ní 1 óòmù, tí ọ̀nà afẹ́fẹ́ rẹ̀ há, ló bá a mu, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ tó ń tajà ní ṣọ́ọ̀bù a máa gbé èyí tó ń pariwo fún bàbá àgbàlagbà nítorí pé òun ló gbówó lórí.

Àṣìṣe tó tún wọ́pọ̀ ni ìbẹ̀rù nikotíìnì. Ẹni tó ń mu ogún ẹyọ sìgá lójúmọ́ á ra omi tí nikotíìnì inú rẹ̀ jẹ́ 3 mílígíráàmù nínú mìlílítà kan, kó lè "ṣe é díẹ̀díẹ̀". Nígbà tí ilẹ̀ bá fi máa ṣú, ó ti wà ní ìdí ẹni tó ń ta sìgá. Sìgá ń gbé nikotíìnì dé ọpọlọ láàárín ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá sí ogún, ara tó ti fi ọgbọ̀n ọdún mọ ìyẹn kò sì ní gba ẹ̀tàn. Ó sàn kó bẹ̀rẹ̀ láti 18 tàbí 20. Òfin Yúróòpù tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í lò ní 2016, tí Bìrìtìkó ṣì ń tẹ̀ lé, kò gbà ju 20 lọ, àgbá inú ẹ̀rọ kò sì gbọdọ̀ ju mìlílítà méjì. Ní Amẹ́ríkà, vape kan tí wọ́n ń pè ní JUUL gbé nǹkan bí 59 jáde ní 2015. Ohun tó mú kí ọ̀fun lè gba irú agbára bẹ́ẹ̀ ni pé wọ́n po ásíìdì benzoic mọ́ nikotíìnì. Ó rọ ọ̀fun, ó sì tètè wọ ẹ̀jẹ̀, ìdí náà sì nìyẹn tí àwọn ọmọ ilé ìwé tí kò tíì fọwọ́ kan sìgá rí fi kó sínú rẹ̀. Fún irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀, mi ò rí èrè kankan nínú ẹ̀rọ yìí, òfo pátápátá ni.

Ṣé ó ń ṣiṣẹ́? Ní 2019, Peter Hajek àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ àbájáde ìwádìí kan jáde, tí wọ́n ṣe láàárín èèyàn 886 tó fẹ́ jáwọ́ nínú sìgá ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Lẹ́yìn ọdún kan, ìdá 18 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tí wọ́n fún ní vape ló ti fi sìgá sílẹ̀, nígbà tí ti àwọn tó lo báńdéèjì nikotíìnì, ṣingọ́ọ̀mù àti irú wọn jẹ́ 9.9. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po méjì, síbẹ̀ ọ̀pọ̀ jù lọ ni kò rí i ṣe ní ẹ̀ẹ̀kan yẹn. Ìdá 80 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tó jáwọ́ pẹ̀lú vape ló ṣì ń fa vape náà lọ́dún kan lẹ́yìn náà. Àwọn kan ka ìyẹn sí ìjákulẹ̀. Èmi kò kà á sí bẹ́ẹ̀, ìyẹn tí sìgá bá ti kúrò pátápátá.

Pátápátá yẹn ló ṣòro. Ẹni tó ń fa vape lọ́sàn-án tó tún ń mu ẹyọ sìgá kan lẹ́yìn oúnjẹ alẹ́ rò pé òun ti dín ewu kù ní ogún ìlọ́po. Ní ti àrùn ọkàn, kò rí bẹ́ẹ̀: ewu tí ẹyọ kan lójúmọ́ ń kó bá ọkàn sún mọ́ ìdajì èyí tí ogún ń kó bá a. Bẹ́ẹ̀ ni kò sì pẹ́ jù fún ẹni tó ti dàgbà. Richard Doll àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ̀ lé àwọn dókítà ilẹ̀ Bìrìtìkó fún àádọ́ta ọdún láti 1951, wọ́n sì rí i pé ẹni tó jáwọ́ ní ọmọ ọgọ́ta ọdún ń jèrè nǹkan bí ọdún mẹ́ta, ẹni tó jáwọ́ ní àádọ́ta ń jèrè mẹ́fà.

Ohun kan wà tí àwọn tó ń ta ẹ̀rọ kì í sọ fúnni. Èéfín sìgá, kì í ṣe nikotíìnì, ló ń mú kí ẹ̀dọ̀ tètè fọ àwọn oògùn kan kúrò lára: clozapine, olanzapine, theophylline. Ọjọ́ tí èéfín bá dáwọ́ dúró, ẹ̀dọ̀ á rọra padà sí ìrìn rẹ̀, oògùn á sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbá jọ sínú ẹ̀jẹ̀ bó tilẹ̀ jẹ́ iye kan náà ni ẹ ń lò. Kí dókítà gbọ́ kí ẹ tó yí padà. Kọfí náà ń bẹ lára wọn, nítorí náà bí oorun bá dá lójú yín ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, ẹ dín kọfí kù kí ẹ tó dá vape lẹ́bi.

Vape kì í ṣe afẹ́fẹ́ òwúrọ̀. Kò tíì pé ogójì ọdún tó dáyé, nítorí náà kò sí ẹni tó tíì fi ogójì ọdún fà á kí a lè yẹ̀ ẹ́ wò. Ní Amẹ́ríkà, láàárín 2019 sí oṣù kejì 2020, ẹ̀dọ̀fóró dààmú èèyàn 2,807 dé ilé ìwòsàn, 68 sì kú. Vitamin E acetate, tí àwọn onífàyàwọ́ fi lú òróró igbó, ni ọ̀pọ̀ ẹ̀rí tọ́ka sí. Ẹ má ra omi tí ẹnikẹ́ni pò nínú ilé. Ẹ tọ́jú ìgò rẹ̀ síbi tí ọwọ́ ọmọdé kò lè dé, torí májèlé ni bí wọ́n bá gbé e mu, ẹ má sì ju bátìrì tí kò sí nínú ẹ̀rọ sínú àpò tí kọ́kọ́rọ́ wà.

Lẹ́yìn oṣù mélòó kan, nígbà tí sìgá kò bá sí lọ́kàn mọ́, ẹ lè sọ̀kalẹ̀ láti mílígíráàmù 20 sí 12, kí ẹ tún wá sọ̀ sí 6. Bí ẹ bá rí i pé ẹ ń fà á láìgbé e sílẹ̀ lẹ́yìn tí ẹ sọ̀kalẹ̀, ẹ padà sí iye ti tẹ́lẹ̀ fún oṣù kan sí i, ẹ tún wá gbìyànjú.