Òótọ́ àbí irọ́? Ohun tó wà nínú oògùn ìsanra àti oògùn orúnkún

"Oògùn olómi tó ń mú ni jẹun ló ń fi ẹran sí ni lára." Irọ́ ni.

Ẹ yí ìgò rẹ̀ síbi tí wọ́n kọ èròjà inú rẹ̀ sí. Nínú ọ̀pọ̀ wọn, ẹ ó rí orúkọ kan níbẹ̀: cyproheptadine. Wọ́n lè kó fítámì àti lysine tì í, àmọ́ òun ni ọ̀gá ibẹ̀. Oògùn ara yíyún àti imú tó ń ṣomi ni láti ìbẹ̀rẹ̀.

Kẹ́míkà kan wà nínú ọpọlọ tó ń jẹ́ serotonin. Lára iṣẹ́ rẹ̀ ni láti jẹ́ ká mọ̀ pé a ti yó. Cyproheptadine á dínà mọ́ ọn. Oúnjẹ tó yẹ kó sú èèyàn ò ní sú u, á tún bu ẹ̀bà ẹlẹ́ẹ̀kejì. Ẹ̀bà yẹn ló ń di ẹran. Ẹni tí kò bá ní oúnjẹ tó máa fi kún oúnjẹ, ebi ló fowó rà.

"Oorun tó ń kunni fi hàn pé ó ń wọra." Irọ́ ni. Histamine wà lára ohun tó ń jẹ́ kí ojú wa là, oògùn yìí sì ń dí òun náà lọ́wọ́. Awakọ̀ tàbí ọlọ́kadà tó bá lò ó, tó tún mu ọtí lé e, ẹ̀mí ara rẹ̀ àti ti èrò ẹ̀yìn rẹ̀ ló ń fi ṣeré. Ọmọ tuntun, abiyamọ tó ń fọ́mọ lọ́mú àti bàbá àgbà tí ìtọ̀ rẹ̀ kì í já geere, kò yẹ kó kàn wọ́n lẹ́nu.

"Ìdí nìkan ló ń mú tóbi." Irọ́ gbáà! Kò sí oògùn tó mọ ibi tí ọ̀rá máa jókòó sí. Apetamin, ọ̀kan lára àwọn oògùn olómi yìí, tí àwọn ọmọbìnrin ń wá kiri ní Lọ́ńdọ̀nù àti Amẹ́ríkà nítorí ìdí, FDA, àjọ tó ń rí sí oògùn ní Amẹ́ríkà, kò fọwọ́ sí i.

"Fi dexamethasone kún un, á tètè yá." Oògùn steroid ni dexamethasone. Òótọ́ ni pé ojú á kún, ẹ̀rẹ̀kẹ́ á sì yọ. Àmọ́ omi tó dúró sí ara wà nínú ohun tí ẹ ń rí yẹn. Bó bá pẹ́ lára, ó ń gbé ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ sókè, ó ń mú ẹ̀jẹ̀ ru, ó sì ń sọ eegun di ẹlẹgẹ́. Ẹni tó ti ń lò ó tipẹ́ kò gbọdọ̀ dá a dúró lójijì. Kó lọ bá dókítà, nítorí ara rẹ̀ lè ti gbàgbé bó ṣe ń pèsè èròjà tó jọ oògùn yìí fúnra rẹ̀.

"Ọmọ tí kì í jẹun, oògùn ebi ló nílò." Dókítà máa ń kọ ọ́ fún àwọn ọmọ kan lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ibà, aràn àti ikọ́ ẹ̀gbẹ náà máa ń lé oúnjẹ kúrò lẹ́nu ọmọ. Ẹ ṣe àyẹ̀wò ná.

Oògùn orúnkún ńkọ́? "Glucosamine ń mú kerekere tó ti jẹ hù padà." Kò sí ẹ̀rí. Èèpo edé àti akàn ni wọ́n sábà máa ń rí i, wọ́n sì ń mú chondroitin, ìkejì rẹ̀, lára kerekere màlúù. Lọ́dún 2006, wọ́n tẹ àbájáde ìwádìí kan jáde ní Amẹ́ríkà, lórí àwọn èèyàn 1,583 tí orúnkún ń dùn. Lápapọ̀, àwọn tó lo méjèèjì kò sàn ju àwọn tó gbé oògùn òfìfo, tí kò ní èròjà ìwòsàn nínú, mì lọ. Ẹni tó ń lo warfarin, oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ tètè dì, kò gbọdọ̀ fi glucosamine kún un láìsọ fún dókítà.

"Ìsanra ò kan orúnkún." Irọ́ ni. Nínú ìwádìí lórí àwọn tó sanra tí orúnkún sì ń dùn, kílò kan tí wọ́n bá fọ̀n, nǹkan bíi kílò mẹ́rin ló ń fúyẹ́ lórí orúnkún wọn ní ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan.