Táǹkì Ṣófo, Síbẹ̀ Sẹ́ńsọ̀ Ń Fọhùn

Táǹkì orí òrùlé ilé ìtura kan n'Íbàdàn ló kún, tí omi ń dà láti òru mọ́jú sórí mọ́tò àwọn àlejò. Nígbà tílẹ̀ mọ́, ọ̀dọ́kùnrin tó ṣe ẹ̀rọ tó ń tan pọ́ǹpù tó sì ń pa á dé, ó tẹjú mọ́ kọ̀ǹpútà. Bàbá kan wà lára àwọn àlejò, ẹni tó fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ instrument nílé-iṣẹ́ símẹ́ńtì. Bàbá ò yà sídìí kọ̀ǹpútà. Wáyà sẹ́ńsọ̀ tó ń wọn omi táǹkì ló tọ̀ lọ, ó sì bá ibi tí eku ti gé e.

"Ọmọ mi, wáyà ti já, ẹ̀rọ rẹ ń sọ pé táǹkì ṣófo. Ta ló kọ́ ọ pé kí o máa bu oúnjẹ fún òkú?"

"Ẹ má bínú, sà. Òdo ni mo rí."

"Òdo ò sí nínú ọ̀rọ̀ yìí rárá. Orí mẹ́rin ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀."

Mílíáǹpù 4 ni Bàbá ń wí. Irú sẹ́ńsọ̀ yẹn ń jẹ iná fóltì 24 láti ara wáyà méjì kan náà tó fi ń jíṣẹ́. Bí táǹkì bá gbẹ, á fa mílíáǹpù 4. Bó bá kún, á fa 20. Wọ́n yan kọ́rẹ́ǹtì nítorí pé fóltì máa ń dín kù bí wáyà bá gùn, ṣùgbọ́n iye kọ́rẹ́ǹtì tó wọlé níhìn-ín náà ló ń jáde lọ́hùn-ún. Àmọ́ Arduino, kọ̀ǹpútà kékeré tí wọ́n fi ń darí irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀, àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ò lè wọn kọ́rẹ́ǹtì, àfi fóltì. Rẹsítọ̀ kan ló ń parí ìyẹn, nípa òfin tí Georg Ohm, ará Jámánì, tẹ̀ jáde ní 1827: fi ohm 250 sójú ọ̀nà, mílíáǹpù 4 á di fóltì 1, 20 á di fóltì 5. Lórí Arduino Uno tó ń ka 0 dé 1023, táǹkì gbígbẹ á fún wa ní nǹkan bíi 205.

Afẹ́fẹ́ inú páìpù ló kọ́kọ́ ń jẹ́ irú iṣẹ́ yìí, láti psi 3 dé 15, kí iná tó gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹgbẹ́ ISA l'Amẹ́ríkà fi òǹtẹ̀ lu 4 sí 20 nínú ìlànà wọn ti 1975.

Ṣùgbọ́n ibo ni 4 àti 20 ti wá gan-an? Ọ̀rọ̀ yìí dìjà nílé Bàbá nígbà tí mo lọ kí i. Ó ní afẹ́fẹ́ ló bí i: 15 jẹ́ ìlọ́po márùn-ún 3, 20 náà jẹ́ ìlọ́po márùn-ún 4. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó ṣiṣẹ́ telex ní ilé-iṣẹ́ ìfìwéránṣẹ́ àti tẹlifóònù ìjọba, P&T kí NITEL tó dé ní 1985 fò dìde: "Irọ́ ni! Mílíáǹpù 20 ni ẹ̀rọ telex wa ń lò. Ọ̀dọ̀ wa lẹ ti jí i." Bàbá rẹ́rìn-ín. "Tiyín tàn tàbí ó kú ni. Níbo lẹ ti rí 4?" Ọmọ Bàbá tó jẹ́ ẹnjiníà dá sí i: "Bàbá mi, ẹ jẹ́ ká wo ohun tí sẹ́ńsọ̀ ń jẹ. Bí ẹ ò bá fún un ní nǹkan bíi mílíáǹpù 4, kò ní lè ṣiṣẹ́." Ó rán wọn létí pé àwọn ilé-iṣẹ́ kan, Foxboro lára wọn, ti lo 10 sí 50 rí, nítorí magnetic amplifier ayé ìgbà náà ń jẹ iná ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ìgbà tí transistor dé ni 4 tó. Kò sẹ́ni tó gbà fún ẹnì kejì títí a fi jẹun.

Ibi tí ẹnu wọn ti kò ni pé ẹni tó fi ìsàlẹ̀ sórí 4 fẹ́ kí àìsí omi yàtọ̀ sí àìsí wáyà. Ìlànà NE 43 ti ẹgbẹ́ NAMUR tilẹ̀ sọ pé bí àmì bá wálẹ̀ dé 3.6 tàbí kó gòkè dé 21, àléébù ni. Èyí ló jẹ́ kí Bàbá kórìíra ohm 250 lórí Arduino: mílíáǹpù 21 á di fóltì 5.25, ẹ̀rọ á sì dúró sórí 1023, àléébù àti kíkún á wá jọra. Ohm 220 ló fẹ́ràn, nítorí 4 dé 20 á bọ́ sáàárín fóltì 0.88 àti 4.4, àyè á ṣì kù lókè. Fún ESP32 tó jẹ́ ti fóltì 3.3, ó ní ohm 150, kó má kọjá fóltì 3 nígbà tí táǹkì bá kún.

Bàbá ní láyé tàwọn, kò sí ọmọ iṣẹ́ tó jẹ́ ka òdo sí táǹkì òfìfo. Ọ̀gá á ti gbá a létí. Bóyá bẹ́ẹ̀ ni, bóyá àgbà ló ń yin ìgbà èwe rẹ̀. Èyí tó dájú ni pé nígbà náà, ẹni tó bá fẹ́ ba ọgbọ́n yìí jẹ́ ní láti tú irin palẹ̀. Lónìí, ìlà kan nínú prógírámù, "ohun tó bá kéré sí 4, pè é ní òdo," ti tó.