Òkété gba góòlù láti Ìlú Ọba! Bọ́ǹbù tí ẹ̀rọ ò rí, imú ló fi rí i

Bí wọ́n bá gbé òkété yíyan síwájú ọ̀mùtí, ta ni yóò bèèrè orúkọ ẹ̀ kó tó jẹ ẹ́? Ṣùgbọ́n òkété kan wà tó ń jẹ́ Magawa, Tanzania ni wọ́n bí i sí, Cambodia ló ti ṣiṣẹ́.

Bọ́ǹbù tí wọ́n rì mọ́lẹ̀ lásìkò ogun ti sọ ọ̀pọ̀ èèyàn di ẹlẹ́sẹ̀ kan ní Cambodia. Èyí tó wá burú jù ni pé ike ni wọ́n fi ṣe púpọ̀ nínú wọn. Ẹ̀rọ tó ń wá irin lè kọjá lórí ike kó má dún, bẹ́ẹ̀ ìṣó lásán ni yóò máa pariwo lé lórí.

Òkété ò wá irin ní tiẹ̀, òórùn ohun tó ń bú gbàmù nínú bọ́ǹbù ló ń gbọ́. Bó bá ti gbọ́ ọ, á fi èékánná ha ilẹ̀, wọ́n á sì fún un ní ọ̀gẹ̀dẹ̀ jẹ. Kò tiẹ̀ wúwo débi tí bọ́ǹbù á fi bú mọ́ ọn lẹ́sẹ̀.

Lọ́dún 2020, ẹgbẹ́ PDSA fún Magawa ní àmì-ẹ̀yẹ góòlù, eku àkọ́kọ́ tó máa gbà á. Bọ́ǹbù tó wá rí lé ní 100 kó tó kú ní 2022. Àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ ò sinmi o: nígbà tó di 2025, Ronin ti wá bọ́ǹbù abẹ́ ilẹ̀ 109 rí.